Kí Ni Eléré Jẹ Òkú?

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ń tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń kọ́ bí a ti í gbé eré kalẹ̀: bí a ti í to iná, bí a ti í yan aṣọ, bí òṣèré ti í gbé ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìpariwo. Wọ́n sì ń kọ́ ìtàn: bí eré ti bẹ̀rẹ̀, ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ilẹ̀ wo ni ó ti hù. Nínú ètò ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni yàrá tí a ti ń kọ́ èkíní, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. (Mo ti ṣàkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ a máa fẹ́ràn ẹ̀kọ́ iná ju ẹ̀kọ́ ìtàn lọ, n kò sì bá wọn wí: iná a máa hàn lálẹ́ ọjọ́ eré, ìtàn kì í hàn.) Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé eré tí ó dá lórí ẹni tí ó gbé ilé ayé rí, tí ó jẹ, tí ó mu, tí ó ní ará àti ọ̀tá, ni ẹ̀kọ́ méjèèjì pàdé, wọn kì í sì í fi ẹ̀rín pàdé. Ìbéèrè tí ó ń jáde níbẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: gbèsè wo ni ẹni tí ń ṣeré jẹ òkú tí ó ń fi ṣeré?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kò sí gbèsè kankan níbẹ̀. Òkú kò lè pe ẹjọ́. Eré kì í sì í ṣe ìwé ìtàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ òtítọ́, kí ó lọ sí ilé ìkàwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ eré, kí ó wá jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì rọ òǹkọ̀wé lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tí Yorùbá fi ń wo òkú nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó kú kò tíì kúrò nínú ẹbí. Ó ní oríkì tí a ń kì, ó ní ọmọ tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ náà nìkan ni ogún tí ó ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá ba orúkọ náà jẹ́, ohun ìní alààyè ni ó bà jẹ́.

Àwọn eléré àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó rí eré àwọn eégún aláré níwájú Aláàfin, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ ọba ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti rìn dé ìgboro àti abúlé, tí a fi ń pe àwọn tí ń ṣe é ní alárìnjò. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ náà kò ní olùkọ́ ijó lọ́tọ̀ àti olùkọ́ ìtàn lọ́tọ̀. Bí ó ti ń kọ́ òkìtì títa ni ó ń kọ́ oríkì orílẹ̀, nítorí pé iwájú ilé onílé ni yóò ti ṣeré. Bí ó bá ṣi oríkì baba onílé kì, ojú ẹsẹ̀ ni yóò gbọ́ èsì, owó tí wọn ì bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí á sì wọ àpò padà. Wọ́n a máa fi Tápà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n a máa sín òyìnbó jẹ, wọn kì í sì í dá ọ̀mùtí sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan òkú onílé, ẹni tí ó ni òkú wà ní ìjókòó, ó ń gbọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga yí ètò náà padà. Láàárín 1962 àti 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà, a dá ilé ẹ̀kọ́ eré oníṣe sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Geoffrey Axworthy sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò kẹ̀yìn sí àwọn eléré wa. Ó gba Kọ́lá Ògúnmọ́lá mọ́ra, wọ́n sì jọ gbé Ọ̀mùtí jáde ní 1963 láti inú ìwé Amos Tutùọlá, tí Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Ní 1970 ni ilé ẹ̀kọ́ náà di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àwọn yunifásítì mìíràn náà sì ti ní tiwọn. N kò sí lára àwọn tí ń kẹ́gàn ẹ̀kọ́ yìí. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa àwọn alárìnjò gan-an, àwọn ọ̀mọ̀wé inú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ó wá a kàn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ pé ó sọnù lójú ọ̀nà: ẹni tí ó ni òkú kò sí ní ìjókòó mọ́. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò mọ òkú náà rí, òṣèré nìkan ni wọn yóò sì ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú eré kan tí ó ṣòro kí ẹni tí ó ka ìwé Yorùbá ní ilé ìwé má mọ̀ ọ́n. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tí a bí sí abúlé Lábọ̀dé lẹ́bàá Ìbàdàn ní 1939, tí ó sì papò dà ní 2018, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ní 1970 ni ìwé náà jáde. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e káàkiri lórí ìtàgé, a sì ti ọ̀dọ̀ Bankole Bello sọ ọ́ di fíìmù ní 1981. Nínú eré náà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀ sọ ìbànújẹ́ di ìkà: ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kankan kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Ẹfúnṣetán ní kí wọ́n bẹ́ Adétutù lórí. Látòósà àti àwọn ìjòyè gbógun tì í, wọ́n mú un, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Samuel Johnson, ẹni tí ń gbé Ìbàdàn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni a tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Òun náà mọ̀ pé ọlọ́rọ̀ ni Ẹfúnṣetán. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun, ó sì ń tà á fún wọn láwìn. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó ní Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn lẹ́yìn ogun Adó: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé kò jáde sẹ́yìn odi wá kí òun káàbọ̀ nígbà tí òun dé. Kò sí ọ̀rọ̀ Adétutù níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú ẹ̀sùn náà. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní oṣù karùn-ún 1874, ẹ̀bẹ̀ kò sì ràn án. Látòósà fi owó ra ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́, ọmọ náà sì rán ẹrú méjì. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà ni àwọn ẹrú wọ̀nyí pa ìyá olówó wọn nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìwé méjèèjì. Ẹni tí a pa ti di ẹni tí ó pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó rán apànìyàn ti di adájọ́. Gbèsè, ìlara àti ìjà oyè ti rá, ìwà ìkà obìnrin kan ni ó gba ipò wọn. Látòósà tí òǹwòran ń retí pé kí ó dé kí ó wá gba ẹrú sílẹ̀ yìí, òun kan náà ni olórí ogun Ìbàdàn nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde ní ogun Kírìjì láti gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àti àwọn tí ń kó ọmọ wọn lẹ́rú. Ojú ogun náà ni ó sì kú sí ní 1885. Bí òkú bá ń jí, n kò mọ ohun tí Ẹfúnṣetán yóò wí bí ó bá bá ara rẹ̀ ní àárín èrò, tí gbogbo wọn ń hó ìhó ayọ̀ nítorí pé ọwọ́ Látòósà tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pa mọ́ fún àwọn onímọ̀. Ní 1977, Bọ́láńlé Awẹ́ kọ̀wé lórí oyè Ìyálóde ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ ìlú gidi ni oyè náà, tí àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ ọjà. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń gbèjà Ẹfúnṣetán ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní ọkùnrin ni ó pa á, ọkùnrin ni ó tún kọ eré tí ó fi sọ pé ikú náà tọ́ sí i. Wọ́n jàre níbi tí ọ̀rọ̀ wọn dé. Níbi tí kò dé ni mo fẹ́ kí a lọ, kò sì jìnnà sí Ìbàdàn.

Ẹ mú Lálúpọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, níbi tí ojú irin tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo gbà kọjá. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ pọ̀ yí Ìbàdàn ká. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gbé inú wọn ni yóò sọ fún ọ pé oko ni àwọn wà, pé Ìbàdàn ni ilé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun jẹ́ iṣẹ́ ńlá ní Ìbàdàn, àwọn oko tí ó yí i ká ni ó ń bọ́ ọ, ẹrú àti ìwọ̀fà sì wà lára àwọn tí ń ro oko náà. Nínú àwọn ẹrú yìí, àwọn kan bímọ, ọmọ wọn bímọ, wọ́n sì di ará ilé olówó wọn pátápátá: wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń kì oríkì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fi ìbínú sọ ọ́ ní agbo ilé, ìjà tí kò ní í tán bọ̀rọ̀ ni ó dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá rò pé ọmọbìnrin Lálúpọn kan ń kọ́ eré oníṣe ní Ìbàdàn, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé Ẹfúnṣetán wá ṣe ní ìlú rẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Wọ́n ṣeré tán, ìyá àgbà kan pè é mọ́ra, ó ní, ‘Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé bí obìnrin náà ti rí nìyẹn lóòótọ́?’ Kí ni yóò wí lórí ìkúnlẹ̀ tí ó wà? Bí ó bá ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá,’ irọ́ ni ó pa mọ́ òkú. Bí ó bá ní, ‘Rárá, Ìyá. Akíkanjú ni, Látòósà ni ó ní kí wọ́n pa á,’ òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé láti Èkìtì ni wọ́n ti kó ìyá ìyá ìyá àgbà náà wá, tí ó ro oko ẹni tí kò bí i títí ó fi kú. Ẹni tí ó jókòó síwájú ọmọbìnrin yìí lè má jẹ́ ọmọ Ẹfúnṣetán. Ó lè jẹ́ ọmọ Adétutù.

Ìdí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olùgbèjà kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé nìyẹn. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń ka ọrọ̀ Ẹfúnṣetán: ó ní oko ńláńlá, ó ní ìbọn, ó ní ẹ̀tù, ó ní ẹrú tí wọ́n sọ pé ó tó 2,000. Wọ́n ka ènìyàn mọ́ ẹrù. Bí a bá ti fi ẹnu ara wa ka ẹrú mọ́ ọrọ̀, ẹnu wo ni a óò tún fi sọ pé a ń tún ìtàn ṣe? Ìṣọ̀lá ṣi Ẹfúnṣetán ṣe, ó kéré tán ní ti ikú tí ó kú. N kò rí bí a ṣe lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú eré tí a ń fi ìka sí yìí, ẹrú ní orúkọ. Ẹrú fẹ́ ara wọn. Ẹrú ń gbìmọ̀, ẹrú ń bẹ̀rù, ẹrú ń sunkún oyún inú. Ìwé ìtàn kò fún wa ní Adétutù kankan, nítorí pé kì í ṣe irú rẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ìtàn lọ ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé eré ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a, kí àwọn tí kò ní orúkọ lè ní ojú kan tí a óò máa wò. Gbèsè òkú ni ìyẹn náà, Ìṣọ̀lá sì san án.

Ẹnìkan lè sọ pé àfinúdá lásán ni ìwà ìkà náà. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó ní Ẹfúnṣetán a máa pa ẹrú ti wà ní Ìbàdàn kí Ìṣọ̀lá tó kọ̀wé. Láti ẹnu ta ni ó ti kọ́kọ́ jáde? Ó lè jẹ́ ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ Látòósà tí ń wá àwíjàre fún ohun tí wọ́n ṣe. Ó sì lè jẹ́ ẹnu àwọn tí wọ́n rí i tí a gbé ẹnìkejì wọn lọ tí kò padà wá. Ìtàn ẹnu kì í gbé orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ dání. Ẹni tí ó bá sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kí ó rántí pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí àwọn ẹrú fi sílẹ̀ ni ó sọ nù yẹn.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí eléré má yí ìtàn padà. Bí a bá de òǹkọ̀wé mọ́ ohun tí ìwé sọ nìkan, àwọn tí ìwé fi sílẹ̀ kò ní í dé orí ìtàgé láéláé. Ohun tí mo sọ ni pé eléré gbọdọ̀ mọ ohun tí ó yí, kí ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká ṣe èyí nígbà tí ó kọ eré tirẹ̀, tí ó jáde ní 1975, lórí ìjòyè tí ó yẹ kí ó bá Aláàfin Ládìgbòlù kú ní Ọ̀yọ́. Níwájú ìwé náà ni ó ti sọ fún òǹkàwé pé òun ti sún àkókò sẹ́yìn sínú ogun Hitler, pé òun sì ti yí bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra àti ìwà àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni. Kò dín adùn eré náà kù. Ní tirẹ̀, Dúró Ladipọ̀ mú igbe àwọn olùsìn Ṣàngó, ó sì fi ṣe orúkọ eré rẹ̀ ní 1963, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá gbọ́ Ọba Kò So ti mọ̀, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹjọ́ wà nílẹ̀ àti ẹni tí ń rò ó.

Níbí ni ẹ̀kọ́ méjì tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ ti gbọdọ̀ di ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ tí a fún ní ipò Ẹfúnṣetán kò gbọdọ̀ gbé gèlè kan orí kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1874. Kì í ṣe nítorí kí ó lè yí ọ̀rọ̀ Ìṣọ̀lá padà; kò ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣèré tí ó mọ̀ pé obìnrin tí òun ń ṣe ń bọ̀ wá sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sì ní í jí, kò ní í sọ ọ́ di ẹkùn lásán. Olùdarí tí ó mọ̀ pé àwọn jagunjagun jẹ ẹ́ lówó yóò wá ibi tí àwọn ìjòyè yóò ti máa wo ara wọn lójú nígbà tí Látòósà bá ń ka ẹ̀sùn. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú ìwé, eré náà sì ti kún sí i. Kí wọ́n wá tẹ ìwé pélébé tí a ń pín lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní èdè Yorùbá, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí Johnson sọ àti ohun tí eré sọ. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Lálúpọn, níbi tí ìwé pélébé lè má wúlò púpọ̀, kí ẹnìkan jáde síwájú kí ó fi ẹnu sọ ọ́ bí àwọn alárìnjò ti í kí onílé kí wọ́n tó ta òkìtì.

Ibì kan wà tí èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n pẹ́ sí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ikú Ẹfúnṣetán, ariwo ta ní Ìbàdàn, àwọn ìjòyè sì béèrè ẹni tí ó ṣe é. Ọwọ́ ìdájọ́ kò tó Ààrẹ. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, wọ́n yọ ọmọ tí ó gba owó náà kúrò ní ipò olórí ilé, wọ́n sì mú àwọn ẹrú méjì tí a rán níṣẹ́, àwọn ni wọ́n pa. Ikú tiwọn kò sí nínú eré. Àwọn olùgbèjà Ẹfúnṣetán kì í dárúkọ wọn, àwọn tí ń bú u kì í dárúkọ wọn. Bí èmi ni mo ń darí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, n óò ní kí wọ́n fi òṣèré méjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsọ̀rọ̀, láìkúrò. Nígbà tí Ẹfúnṣetán bá ti gbé májèlé jẹ, tí Látòósà ti sọ̀rọ̀ tán, kí iná ìtàgé kú, kí ó ku èyí tí ó tàn sórí àwọn méjèèjì, kí ẹnìkan sì sọ fún ará Lálúpọn ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí a ṣe fún wọn ní oṣù keje ọdún 1874.